Àárọ̀ Ọjọ́ Tí Iná Ìyá Àgbà Kú

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sídìí ààrò, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tú eérú bí adìyẹ tó ń wá oúnjẹ. Eérú ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ti dé orí gèlè. Ọyẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà kọjá àfẹnusọ. Bí mo bá la ẹnu, èéfín ló ń tú jáde, àfi bíi pé èmi ni mo gbé iná mì. Ìyá àgbà tú apá òsì, ó tú apá ọ̀tún, ó ti ìka bọ àárín gbùngbùn eérú, ó fà á yọ, ó wò ó. Kò jó o rárá.

"Uná kú," ló wí, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń túfọ̀.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí iná tó fi eérú bojú lóòótọ́. Èmi ni n kò rí nǹkan kan fi bo ojú tèmi.

Òsì-Èkìtì la wà, ní nǹkan bí ọdún méjì kí a tó wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mò ń gbé, àwa méjèèjì péré la sì wà nínú ilé náà. Àwọn tí kò mọ ìhà tiwa rò pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni òtútù wà. Kí wọ́n wá nígbà ọyẹ́. Òrí tí à ń fi pa ara á dì gbagidi nínú igbá, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀bẹ gé e. Ètè mi á bẹ́ débi pé bí ẹnìkan bá fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi mí sílẹ̀. Ní ti ìwẹ̀ àárọ̀, mo máa ń da omi sílẹ̀ ní balùwẹ̀ kí ìyá àgbà lè gbọ́ ìró rẹ̀, n ó wá fi ìyókù ra ojú àti ẹsẹ̀. Mo rò pé kò mọ̀.

Iná nìkan ló kó wa yọ. Ìyá àgbà á jókòó sídìí ààrò, á ta ìró rẹ̀ bo orúnkún bí àgọ́, á sì gbé èmi náà sínú àgọ́ yẹn. Òórùn èéfín, òórùn òrí àti òórùn ìyá àgbà fúnra rẹ̀ á wá dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lé, á kó ẹyín iná díẹ̀ sínú ìkòkò irin kan, á gbé e wọ yàrá, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìkòkò náà á wà títí a ó fi kọrin tí a ó sì gbàdúrà tán, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ jáde, torí ìyá àgbà ní iná àti ènìyàn kì í sùn sí yàrá kan náà. Ó ń dá ẹyín iná náà padà sí ààrò, ó ń gbé ìtì igi àyìn ńlá kan lé e, ó ń fi eérú bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìdájí, á hú u, á fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i lẹ́ẹ̀mẹta, iná á sì dìde.

Ó mọ igi bí tíṣà ṣe mọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àyìn ni ọmọ dáadáa, ó ń jó pẹ́, kì í pariwo. Igi kòkó gbọ́n, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Igi ahùn ní tirẹ̀, ó ní ọ̀lẹ tó wọ aṣọ òṣìṣẹ́ ni. Ìṣáná ni kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nídìí ààrò. Àtùpà àti àbẹ́là ló ń fi í tàn. Ó ní iná ìṣáná kò ní ìyá. Tirẹ̀ yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ ilé náà ló ti bá a nínú ààrò ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì tíì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Ìyá kan wà ní ọ̀ọ́kán ilé wa, orí bẹ́ńṣì kan náà ni òun àti ìyá àgbà ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ rẹ̀ ra sítóòfù fún un, ó sì pa ààrò rẹ̀ tì. Ìyá àgbà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní ológbò ti rí yàrá gbà nínú ààrò tútù. Ìgbà tó yá ni kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ ni Ìyá Ọ̀ọ́kán ń gbé àpáàdì wá bu iná lọ́dọ̀ wa, torí bó bá dáná alẹ́, kì í jí bá a láàárọ̀. Òfin ìyá àgbà sì ni pé ẹni tó bá wá bu iná gbọ́dọ̀ mú igi kan lọ́wọ́. Á gba igi náà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á wá fi pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá sítóòfù sun oorun dáadáa.  Ìyá Ọ̀ọ́kán á bu iná rẹ̀, á lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Èkó, ti ń bẹ ìyá àgbà láti bí ọdún méjì pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ní orúnkún rẹ̀ kò gba ọyẹ́ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò máa la igi fún un. Ní àsìkò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọdún náà, ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn lójú Ìyá Ọ̀ọ́kán. Inú bí ìyá àgbà, ó na ìka sí ààrò.

"Ọjọ́ tó o bá wọ ulé mi tó ò bá uná nínú ààrò, ọjọ́ náà ni kó o gbé mi lọ."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bàbá Èkó ní òun gbọ́. Ó ní inú ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni òun ń bọ̀, òun ò ní sọ ọjọ́. Èmi náà mọ ohun tó wà níbẹ̀: bí ìyá àgbà bá lọ sí Èkó, wọ́n á ti ilé pa, wọ́n á sì dá mi padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Adó, níbi tí àwọn àbúrò mi mẹ́rin ti ń bá ara wọn ja ìjà ẹní. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Èmi yìí kan náà ni mo wá pa iná. Ìyá àgbà lọ ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì náà, ó ní kí n bu iná díẹ̀ sí yàrá. Òtútù mú mi, mo kó gbogbo rẹ̀ pátá, n kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Yàrá gbóná, mo nà gbalaja bí olorì. Nígbà tí ìyá àgbà dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, orin kan péré la kọ. Ó ní kí n lọ dá iná padà kí n sì bò ó dáadáa. Mo gbé ìkòkò dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọyẹ́ gbá mi létí, ilé ìdáná sì jìnnà tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Mo rò ó pé ìyá àgbà ní kí n bo iná. Mo fi ọmọrí dé ìkòkò náà síbẹ̀, mo sì sá padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ní tèmi, mo ti bò ó.

Nígbà tí ìyá àgbà tú eérú tán láàárọ̀, ó jáde, ó rí ìkòkò. Ó ṣí ọmọrí. Ó wo inú rẹ̀, ó wá wò mí. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní ìṣáná kúkú wà lórí tábìlì, ta ló máa mọ̀?

"Mi ò níí fi uṣáná purọ́ fún ọmọ tí mo bí," ló wí.  "Gbé àpáàdì. Lọ sí ọ̀ọ́kán."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn gbà á. Mo sáré. Ìyá Ọ̀ọ́kán jókòó sídìí ààrò rẹ̀, iná ń jó níbẹ̀ dáadáa. Ó rí àpáàdì lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín bọ́ sí i lójú, ó ní igi mi dà? Mo bú sẹ́kún. Ó fà mí mọ́ra, ó ní eré lòun ń ṣe. Ó wá sọ fún mi pé gbogbo ìgbà tí ìyá àgbà fi ń bú òun, ṣe lòun ń wo bí ìtì àyìn ṣe wà nínú eérú, kóun lè mọ bó ṣe ń bo iná. Àná lòun gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú iná tóun bù lọ́dọ̀ wa, ó sì jí.

Bí ó ti ń kó ẹyín iná sí àpáàdì fún mi ni a gbọ́ họ́ọ̀nù ọkọ̀. Bàbá Èkó ni. Ìyá Ọ̀ọ́kán yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé lọ, òun fúnra rẹ̀ sì so ìró pinpin, ó gba iwájú.

Ohun tí àwọn ìyá méjèèjì fi Bàbá Èkó ṣe ní iwájú ilé, ilé ìdáná ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n kí i, wọ́n kí ìyàwó rẹ̀, wọ́n kí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Nígbà tí ìkíni tán, ìyá àgbà ní kó kúnlẹ̀ kí òun gbàdúrà. Orí sìmẹ́ńtì tútù ni ó kúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì pélébé Èkó. Ìyá àgbà dúpẹ́ fún ọ̀nà tó gbà wá, fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti fún èyí tó wà nínú búùtù. Bí àdúrà bá ti fẹ́ gbẹ, Ìyá Ọ̀ọ́kán á rán an létí ẹni tí kò tíì dárúkọ. Èmi ń fẹ́ iná, omi ń jáde lójú àti nímú mi. Àyìn kò kánjú. Ìgbà tó ràn ni mo wúkọ́, kíá ni ìyá àgbà sì ṣe "ní orúkọ Jésù."

Wọ́n wọlé wá. Iná ń jó làlà. Bàbá Èkó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ nu orúnkún ṣòkòtò. Àmọ́ inú ilé náà ni wọ́n bí i sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọ̀kan nínú òkúta ààrò, kò sì gbé e kúrò.

"Màámi, òkúta yìí tutù."

Ìyá Ọ̀ọ́kán ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru ọyẹ́. Ìyá àgbà na ọwọ́ dá a dúró.

"Uná kú lánàá. Èmi ni mo pa á, mo gbàgbé rẹ̀ sínú ìkòkò," ló wí. "Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu, mi ò níí kó o jẹ. Ọmọ mi, lọ bá mi gbé báàgì mi."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó fi ojú pa á dé. Mo dúró síbẹ̀.

"Bó o bá ń gbé e lọ, kó o gbé èmi náà," ni Ìyá Ọ̀ọ́kán wí fún Bàbá Èkó. "Uná rẹ̀ ni mo bù lánàá, òun ló tún padà wá sí ulé yìí láàárọ̀. Bó bá lọ, ta ni yóò máa bú mi?" Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ó ń fi etí ìró nu ojú.

 Bàbá Èkó lóṣòó sídìí iná, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.  Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù lóru ní Èkó ni pé nǹkan á ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá òun ò sì ní rí ilé tó máa ránṣẹ́ sí. Ó wo Ìyá Ọ̀ọ́kán, ó wo èmi tí eérú bò, ó ní kí n má wulẹ̀ gbé báàgì kankan. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wa, ó ń la igi, ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò, Ìyá Ọ̀ọ́kán sì ń bá a ka iye ìgbà tí àáké rẹ̀ bá tàsé.

Ìyá àgbà lo ọdún mẹ́jọ sí i nínú ilé náà, ibẹ̀ ló sì kú sí. Títí dòní, bí ẹbí wa bá péjọ, wọ́n máa ń sọ ìtàn yìí. Wọ́n ní ọjọ́ tí Màmá gbàgbé iná ni ọjọ́ ogbó bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí i, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Níbi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, wọ́n sọ ọ́, mo sì gbé ẹnu mi dákẹ́. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Bí ọmọ mi bá ba nǹkan jẹ́ tó sì ń wò mí lójú, mo máa ń rántí obìnrin tí kò lè fi ẹyọ ìṣáná kan purọ́ kó lè dúró nínú ilé ara rẹ̀, tó wá purọ́ kí wọ́n má baà bá mi wí. Ó dùn mí pé n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Bàbá Èkó ṣì wà láyé, ó sì fẹ́ràn ìwé kíkà. Ẹ̀yin Bàbá Èkó, ìyá yín kò gbàgbé iná. Èmi ni mo pa á.