Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Rẹ́jísítà

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Mojírádé.

Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ ìlera. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì gan-an, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni gbogbo Ìkéré ń pè é. Ó ń fẹsẹ̀ rìn láti abẹ́ àpáta Olósùnta títí dé àwọn abà tó wà lọ́nà Emùré, ó ń fún ọmọ labẹ́rẹ́, ó ń wo aboyún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Sùúrù rẹ̀ sì ti ń tán.

Ọdún kẹta tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, wọ́n pe òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Adó, wọ́n fi ọjọ́ méjì kọ́ wọn nípa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n ní kí obìnrin máa ṣe àyẹ̀wò kí àrùn náà tó fojú hàn. Wọ́n ní èyí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, kó má jókòó sílé rárá.

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ àwọn obìnrin bíi Doyinsọ́lá, Ìyá Tóyìn, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan. Tó bá ń sọ ọ́ lọ́jà, àwọn tó wà ní títì náà ń gbọ́.

Ìyá Tóyìn yìí kan náà ni Mojírádé bá lẹ́yìn ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀.

"Aṣọ ta nìyẹn?"

"Tèmi ni."

"Ṣebí ó ti pé ọdún méjì tí nǹkan oṣù rẹ ti dúró?"

"Ó padà wá ni. Wàhálà ló fà á. Mo ti ń mu àgbo."

Mojírádé káwọ́ lérí. "Kí lo sọ fún àwọn obìnrin ọjà lánàá?"

"Àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan, Àǹtí Moji. Èmi mọ̀ ọ́n."

Àìsàn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera nìyẹn. Wọ́n rò pé ẹni tó bá mọ orúkọ àrùn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mojírádé fi bẹ̀ ẹ́, tó bú u, tó tún bẹ̀ ẹ́. Ìyá Tóyìn ní òun ò ní í tú aṣọ lójú dókítà tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ òun.

Dókítà obìnrin kan wá láti Adó lọ́jọ́bọ̀, láti ṣe àyẹ̀wò náà fún àwọn obìnrin. Ọjọ́ kan péré ni. Bó bá ti lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n obìnrin ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Tóyìn sáré lọ jókòó ti rẹ́jísítà, ó mú báírò, ó ń kọ orúkọ. Ta ló máa pe akọ̀wé wọlé?

Mojírádé bẹ̀rẹ̀, ó sọ sí i létí. "Kọ orúkọ tìẹ náà."

"Ta ni yóò wá máa kọ̀wé, Àǹtí Moji?"

Kò sí obìnrin kan tó dìde. Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn yàrá dókítà bí ẹni ń wo ihò ejò.

"Ẹ dìde, jàre!" ni Mojírádé pariwo. "Àbí kí n pọ̀n yín wọlé?"

Ìyá Adéṣínà, àgbàlagbà kan tó ń ta ẹmu, ló dá a lóhùn. "Nọ́ọ̀sì, má bínú. Mo ti fi ulé sílẹ̀ láti òwúrọ̀ nítorí tìẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé ẹmu fún èèyàn, èmi ni mo ń kọ́kọ́ mu níbẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti mu tiyín?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, Mojírádé fúnra rẹ̀ kò tíì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò yẹn rí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń tìtorí ẹ̀ bú Ìyá Tóyìn wà lọ́rùn òun náà. Inú bí i sí ìyá ẹlẹ́mu, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ó já báírò gbà lọ́wọ́ Ìyá Tóyìn. Ó kọ Mojírádé sókè pátápátá, ó kọ Doyinsọ́lá tẹ̀ lé e, ó sì dá báírò padà fún un.

"Bí mo bá jáde, ìwọ ló kàn. Bí o bá sá, màá lé ọ dé Ìlawẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yìí."

Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó ń tún ìró rẹ̀ ró.

"Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo kú?"

"O ò kú," ni Ìyá Adéṣínà wí. "Ojú ẹ kàn jọ ti adìẹ tí òjò pa ni."

Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá Tóyìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó na báírò sí Mojírádé.

Ó wọlé, ó sì pẹ́ nínú yàrá dókítà. Nígbà tó yá, Ìyá Tóyìn fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n pe Mojírádé wọlé.

"Kó wà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé," ni dókítà wí. "Kó má jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Kò ní Ìyá Tóyìn ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Kò sì ní kò tíì bọ́.

Ìyá Tóyìn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ni yóò bá mi lọ?"

"Ta ló ń bá ọ jà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Di ẹrù rẹ, jàre."

Ìyá Adéṣínà ló wọlé tẹ̀ lé wọn, àwọn yòókù sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Mojírádé kò lágbára àtigúnyán. Uṣu tó sè kù láàárọ̀ ló jẹ, ní tútù, pẹ̀lú epo àti iyọ̀.