Ewì Tí Reuben Kà Létí Ilé Oyin

Reuben Thirkettle tó ń fi koríko bo òrùlé fún wa ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ irọ́ pa. Àwọn akéwì ìlú ńlá á ní olùṣọ́ àgùntàn ń fọn fèrè lábẹ́ igi; Reuben á ní ẹsẹ̀ bàbá náà wú, búrẹ́dì rẹ̀ sì ti bu.

Ó wá kọ ewì nípa bí Ìyá Keziah Garrod, opó àdúgbò mi, yóò ṣe kú: lórí àga, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà ṣì wà láàyè o! Ẹ̀bá ilé oyin rẹ̀ ni Reuben jókòó sí, ó ń kà á sókè, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé lu pákó ilé oyin náà kí ewì má bàa yẹsẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí ẹni tó ni oyin bá kú, kọ́kọ́rọ́ ilé la fi ń kan ilé oyin láti túfọ̀ fún àwọn oyin náà, a ó sì dárúkọ ẹni tó jogún wọn. Bí a kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á kó lọ. Reuben kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ni oyin bá tú jáde, òmíràn tóbi tó ológoṣẹ́, wọ́n sì bà sórí òrùlé Reuben fúnra rẹ̀.

"Reuben! O túfọ̀ mi fún oyin mi?"

"Màmá, ewì ni mo ń kà."

"Oyin mọ ewì ni? Kí ni n óò máa tà jẹun báyìí, ìbọ̀sẹ̀?"

Báwo la ṣe ń gba òkú padà lẹ́nu ẹni tó túfọ̀? Àlùfáà ṣí ìwé àdúrà títí, kò rí i. Alágbẹ̀dẹ ní kí a yí kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn. Reuben gun àkàbà, ó kan òrùlé: "Màmá kò kú o!" Oyin kò mira.

"Fi díẹ̀ kún un! Sọ pé mo lẹ́wà!"

"Màmá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí yín."

Ìyá Keziah bá gun àkàbà náà fúnra rẹ̀, ó bú oyin láti orí dé ẹsẹ̀. Ìdajì tẹ̀lé e wálé. Ìdajì dúró, bóyá wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

"Ṣé mo wà ni àbí mi ò sí?" ni ìyá náà ń bi wá.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ló kú lóòótọ́, lórí àga, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì lẹ́sẹ̀. Reuben kan ilé oyin, ó kan òrùlé. Oyin kankan kò jáde. Ó jọ pé wọn kò gbà á gbọ́ mọ́. Ó wọlé, ó mú ewì rẹ̀, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ kejì kún un.