Kọ́tìnnì Tí Ìyá Alábẹ́rẹ́ Rán

Ìyá Alábẹ́rẹ́ kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ló tán lára rẹ̀. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàdédé tán lára èèyàn. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan ní orúkọ tó ń jẹ́: ebi ló pa á.

Ilé wa kọjú síra. Òun ló ń bá mi tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣe, abẹ́rẹ́ kan kì í sì í kúrò lọ́rùn aṣọ rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí á gún ẹni tó bá dì mọ́ ọn. Á ní, "Ẹni tó bá dì mọ́ mi láìtọrọ àyè, kó gún un dáadáa!"

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi rán aṣọ iléèwé ní ilé iṣẹ́ aránṣọ kan kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Ọdún yẹn náà ni ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì, kú. Ọmọ mẹ́ta ló kù sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kò jẹun, á ní, "Mo ti jẹ níbi iṣẹ́." Iṣẹ́ wo? Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́, torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ oúnjẹ.

Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri yín pé oúnjẹ náà wà fún àwọn opó. Orúkọ olórí ilé lẹ sì ń kọ sílẹ̀, inú ìwé àdúgbò àtijọ́ lẹ ti ń dà á kọ. Ta ni olórí ilé nínú ìwé yẹn? Ọkọ tó ti kú! Oṣù márùn-ún gbáko, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ni akọ̀wé yín fi ń pe òkú. Ìyàwó rẹ̀ á dìde, á mú àpò òfìfo rẹ̀ lọ síwájú.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó ni orúkọ ló gbọ́dọ̀ wá tọwọ́ bọ̀wé."

"Ọmọ mi, ẹni tó ni orúkọ ti wà nínú ilẹ̀."

"Ẹ ní kó kọ lẹ́tà pé òun yọ̀ǹda fún yín."

"Ta ni kí n fi bírò rán sí i?"

Àwọn tó wà lórí ìjókòó rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà jókòó. Kọ́tìnnì ọ́fíìsì yín ti ya nígbà náà, oòrùn ń gún akọ̀wé lójú. Ìyá Alábẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀, ó bá yín rán an. Ẹ ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì." Ó gbé àpò òfìfo rẹ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta tí a sin ín ni lẹ́tà yín dé: ẹ ti ṣàtúnṣe, orúkọ rẹ̀ ti wọlé. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, gbé àpò kan náà wá sí ọ́fíìsì yín. Wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ náà dìde. Kí ni akọ̀wé wí? "Ẹni tó ni orúkọ ló gbọ́dọ̀ wá."

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ sọ tiwa di ère. Ẹ ní kó dìde wá tọwọ́ bọ̀wé!

Ọ̀gá ọ́fíìsì, ẹ jáde síta. Ta ló ṣe òfin yìí? Ta ló jẹ oúnjẹ tí ẹ ń pe òkú sí fóṣù márùn-ún? Opó mélòó ló ṣì jókòó síbẹ̀ tó ń gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀? A fẹ́ ìdáhùn ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lójú gbogbo èèyàn, a sì fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ alààyè tí ebi ń pa sílẹ̀.

Ọmọ náà á wà níbẹ̀, èmi náà á jókòó tì í. Mo bi í pé bí wọn ò bá dáhùn ńkọ́. Ó fọwọ́ kan ọrùn aṣọ rẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ wà báyìí.

"Màá tú kọ́tìnnì Mọ́mì," ó ní. "Kí wọ́n máa pe òkú lójú oòrùn."