Ògì Tó Ń Rùn Bíi Kẹrosíìnì

Òwúrọ̀ tí oníbàárà wa kan gbé ògì padà wá kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó gbé abọ́ náà síwájú ìyá ọkọ mi, ó ní, "Màmá, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò." Kẹrosíìnì ni. Àwa fúnra wa ti mọ̀, a kàn ń tan ara wa jẹ ni. Láti ìgbà tí páìpù epo tó gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá ní Agége ti ń jò ni omi kànga wa ti ń dán bí òṣùmàrè, omi yẹn náà la sì fi ń rẹ àgbàdo. Èmi ìyàwó tuntun rò pé bí mo bá ti sẹ́ ògì náà dáadáa, òórùn á lọ. Ọgbọ́n mi pọ̀ nígbà náà.

Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé nígbà náà, ti gbọn àwọn iléeṣẹ́ Orégùn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Iléeṣẹ́ aṣọ tí ọkọ mi ti ń ṣe wẹ́dà, tó ti ń jó irin pọ̀, ti dá a dúró, ó sì jókòó sílé títí ojú fi ń tì í láti jẹun. Nígbà tí iṣẹ́ máa dé, ẹ wo irú èyí tó dé: kọngílá kan fẹ́ rì páìpù kejì, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń jò, wọ́n sì gba ọkọ mi pé kó máa jó o pọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tún èyí tó ń jò ṣe. Òun àtàwọn obìnrin àdúgbò lọ bá ẹgbẹ́ onílé; àwọn yẹn ní ta ló fẹ́ bá ìjọba ológun fa wàhálà. Ìyá ọkọ mi bá ní àwọn obìnrin á jókòó sẹ́nu kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún páìpù tuntun náà.

Ilé wa wá di adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọkọ mi ní, "Ìyá mi, tí ẹ bá jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn."

"Oyún ń bẹ nínú ìyàwó rẹ," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Omi wo ni ọmọ yẹn máa mu?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo sá wọ ilé ìdáná. A ò sì lè kó kúrò, ilé bàbá ọkọ mi ni. Ta ni yóò ra ilé tí páìpù epo wà lẹ́yìn rẹ̀?

Lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó, oúnjẹ ọkọ mi ni mo gbé lọ. Àwọn obìnrin wà lórí ẹní lẹ́nu kòtò, katakata dúró níwájú wọn, ọkọ mi wà lódìkejì pẹ̀lú ìbòjú tó fi ń jó irin lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ò pè mí. Òun náà ò pè mí. Ì bá sàn kí wọ́n pè mí. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Nígbà tó yá, mo sọ abọ́ kalẹ̀, mo jókòó sórí ẹní.

Àwọn ṣọ́jà dé tàwọn ti kòbókò. Ìyá ọkọ mi na ife omi kànga sí ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà. "Ẹ mu ún, a ó dìde." Ẹnjiníà wo ibòmíràn. Ṣọ́jà kan gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rọra dà á nù.

"Màmá, òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n rán wa. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

A ò dìde. Ìgbà tí kòbókò àkọ́kọ́ bà mí léjìká ni ọkọ mi ju ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀, ó fo kòtò, ó fi ẹ̀yìn bo èmi àti ìyá rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Wẹ́dà mìíràn ló jó páìpù náà tán. A dí kànga, ògì parí, a bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi, ọkọ mi sì ń jó géètì fáwọn onílé Opebi nígbà tó bá rí i. Ìyá rẹ̀ ti dolóògbé báyìí. Àwa ṣì wà nínú ilé náà.

Láìpẹ́ yìí ni mo tó bi ọkọ mi bóyá inú bí i pé mo jókòó.

"Ó bí mi gan-an," ó ní. "Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá jókòó, ọwọ́ mi ni ì bá jó páìpù yẹn pọ̀. Èmi náà ni ì bá sì máa sùn ti iṣẹ́ ọwọ́ mi títí dòní."

Mo yíjú sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí páìpù náà wà. Àwa méjèèjì là ń sùn tì í náà.