Ọrùn Ọwọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ mi obìnrin. Èmi bàbá rẹ̀ pàápàá ti ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Kì í lo ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ bóyá fúláwà tó pò ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ tó láti wú. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kàn án, bí ẹni ń yẹ ara ọmọ ọwọ́ wò. Mo ti rí i tó fi ọwọ́ yẹn kan ògiri, tí ògiri ní, "Òtútù ń mú mi o."

Àfi bí kòkòrò àìfojúrí kan ṣe dá a dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tó dìde, ó ní ara òun ti yá. Irọ́! Bó bá gbé àwo kan, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tí ọjọ́ bá rọ̀, ara rẹ̀ á tún gbóná fẹ́ẹ́rẹ́. Dókítà ní kòkòrò náà ti lọ, àárẹ̀ tó fi sílẹ̀ ló kù, ìyẹn náà á lọ bó bá ń sinmi. Ìsinmi kẹ̀? Ilé ìwé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń ra búrẹ́dì rẹ̀, wọ́n sì ti ní bó bá tún já àwọn kulẹ̀, àwọn á wá ẹlòmíràn.

Ó pò fúláwà, ó fọwọ́ kàn án. "Ó ṣì tutù." Ó sún un mọ́ ààrò. Ó tún kàn án. "Ó ṣì tutù." Fúláwà wú, ó kún àwo, ó gba ojú fèrèsé jáde lọ kí aládùúgbò, ó sì wó lulẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́.

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, bú sẹ́rìn-ín. "Fúláwà ò tutù. Ìwọ lo gbóná!"

"Bàbá, ẹ ń gbọ́ ọkọ mi?"

Mo ní, "Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó jókòó ti iná ló ń pe oòrùn ní òjìji."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọrùn ọwọ́ ta ni mo fẹ́ lò báyìí?"

Mo na tèmi.

"Tiyín kẹ̀, Bàbá? Ọwọ́ àgbà máa ń tutù, á parọ́ fún mi!"

Ọkọ rẹ̀ na tirẹ̀, tó le bí èèpo igi. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ní fún un, "Ẹ rántí bí ara ọmọ wa ṣe máa ń rí bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá."

Wọ́n pò fúláwà mìíràn. Káfíńtà kàn án. "Kò tíì débẹ̀." Ó dúró, ó tún kàn án. "Ọmọ ti wẹ̀ o!"

Búrẹ́dì jáde, ó pupa fòò. Alásè ilé ìwé wá gbé e, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ lọ́la.

Ọmọ mi ti sùn lórí àga, ó ń hanrun débi pé àwo ń gbọ̀n. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ jí i láti fún un ní ìròyìn ayọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kó sùn. Lọ pò ti ọ̀la."