Ìbàmú Bàbá Mi Àgbà

Ìwé náà ṣì tutù lọ́wọ́ ìyá mi àgbà, òórùn íǹkì gba gbogbo yàrá, nígbà tí wọ́n sọ pé, "Tíṣà, èyí kọ́ lọkọ mi o."

Ilé aládùúgbò wa kan ní Olódò la wà. Bàbá arúgbó náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n máa ń yàwòrán sórí irin pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, n kì í sì í pa ilé wọn jẹ. Fọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, ọ̀rinrin sì ti jẹ ẹ́ dé ọrùn. Ìyá mi àgbà ń bẹ̀rù pé ó máa tó jẹ dé ojú. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ pé lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ náà: fìlà, irùngbọ̀n, ẹ̀rín tí kò fẹ́ jáde tán. Àmọ́ ìbàmú, ilà kan ṣoṣo tó ti orí imú dábùú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn, ti bọ́ sí ọ̀tún.

Bàbá náà wo ìwé, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Alájà. Àṣìṣe mi ni. Ìwọ náà má bínú, ọmọ mi. Ewé ni mo sábà máa ń yà, ewé kò sì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì." Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ohun tí a bá yà sórí irin, òdì rẹ̀ ló ń bọ́ sórí ìwé. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì nù kúrò níṣojú mi. Ó dùn mí jù wọ́n lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, orí ìwé tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù pa lára ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà á, pẹ̀lú kíréyọ̀n ọlọ́ràá. Wọ́n da ojú rẹ̀ dé orí irin, wọ́n fomi rin ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n yí ẹ̀rọ lé e, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

"Rọra ṣí i, ọmọ mi."

Mo di igun rẹ̀ mú, mo ká a díẹ̀díẹ̀. Ìwé náà ṣí, bàbá mi àgbà sì ti kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí irin ní òdì, kí ó lè tọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fomi nu irin náà tí wọ́n yí íǹkì lé e, ibi tó lọ́ràá nìkan ló gbà á.

Ìyá mi àgbà mú èyí tí a tẹ̀ lọ sídìí fèrèsé. Wọ́n wo ìbàmú náà: ó ti padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

"Alihamudulilahi," ni wọ́n wí. "Ẹ káàbọ̀, bàbá wọn."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàgbé oúnjẹ. Ohun tó sì kù sí mi lọ́kàn ni pé àgbàlagbà lè jẹ̀bi níwájú ọmọdé, kí ó má sì kéré lójú rẹ̀. Tíṣà lèmi náà lónìí. Tí ọmọ kíláàsì mi kan bá nawọ́ pé, "Àǹtí, ó lòdì," èmi fúnra mi ni mo máa ń wá dọ́sítà láti nu ohun tí mo kọ sójú pátákó.