Iṣu Tó Gun Wáyà Iná Ìlú

Lọ́dún tí mo gbin iṣu sí ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi obìnrin, mo ti di ẹrù mi tán. Àpótí mi wà lábẹ́ ibùsùn láti ìgbà òtútù: agbádá kan, bàtà méjì, àti fìlà tí mo fẹ́ dé sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìyà ò jẹ mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Ìyàwó mi ló kú, ni ọmọ yìí bá ní n ò gbọdọ̀ dá gbé ilé, ó mú mi wá sí Amẹ́ríkà. Mo dé Amẹ́ríkà tán, mo tún ń dá gbé ilé. Nọ́ọ̀sì ni òun, ọsibítù rẹ̀ wà ní Marietta, ọ̀nà jìn, mọ́tò pọ̀. Bó bá lọ sí sífíìtì, ó di ọjọ́ kejì kí n tó fojú kàn án. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn ọmọ ti lọ sí yunifásítì. Ó ku èmi, tẹlifísọ̀n, àti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó máa ń kọrin bó bá parí iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀rọ yẹn ti ń kí ara wa.

Àwọn ará ilé rò pé Atlanta la wà. Atlanta náà ni, bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Buford ni ilé wa wà ní tòótọ́, ìlú tí oníkálukú ti mọ ajá aládùúgbò rẹ̀. Ohun kan wà tí n ò tètè mọ̀ nípa ìlú náà: iná mànàmáná tí à ń lò níbẹ̀, ìlú fúnra rẹ̀ ló ni ín.

Iṣu tí mò ń wí yìí, kò yẹ kó tilẹ̀ hù. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà ni ọmọ mi ti rà á, ó gbàgbé rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà tó fi máa rántí, iṣu ti yọ irùngbọ̀n. Ó fẹ́ sọ ọ́ nù, mo ní kó gbé e fún mi. Mo gé e sí èèbù, mo bu eérú nínú ohun tí wọ́n fi ń yan ẹran ní ẹ̀yìnkùlé, mo fi pa á lára. Ilẹ̀ Georgia pupa bíi tiwa, ìyẹn ló kì mí láyà.

Ó wá ku ọ̀pá tí iṣu máa gùn. Òpó iná kan wà ní igun ilẹ̀ wa, wáyà líle kan sì ti orí rẹ̀ wá sílẹ̀ gbọọrọ, èyí tí wọ́n fi dì í mú kó má baà ṣubú. Kò sí iná nínú wáyà yẹn, ó kàn nà tọ́ọ́rọ́ ni. Ẹni tó bá ti kọ ebè rí láyé rẹ̀, tó rí wáyà bẹ́ẹ̀, tí kò rò pé Ọlọ́run ló fi ọ̀pá iṣu ránṣẹ́ sóun, ẹni náà kì í ṣe àgbẹ̀. Mo kọ ebè mi sí ìdí rẹ̀.

Ìtàkùn náà gba wáyà bí ẹni gba ilé bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kọjá orí mi. Nígbà tó yá, ó ga débi pé àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ balẹ̀ ní Atlanta ń yà fún un, awakọ̀ kan tilẹ̀ juwọ́ sí mi. Ọmọ mi ní ọkọ̀ òfuurufú kì í gba orí ilé wa. Mo ní ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn, wọ́n ti yà.

N ò sọ fún un pé láràárọ̀, kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, ìdí iṣu yẹn ni mo máa ń lọ, pé mo máa ń rọ́ àlá tí mo bá lá fún un, bí mo ṣe máa ń rọ́ ọ fún ìyá rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni pé, "Bí iṣu yìí bá kú, mo ti lọ sílé nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ẹ tún ti dé." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n ò ṣeré.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ńlá kan tó ní apá gígùn lórí dúró níwájú ilé. Òṣìṣẹ́ iná tó sọ̀ kalẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, ó ga bí òpó tó ń gùn. Ó wo wáyà, ó wo ìtàkùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ṣí akoto rẹ̀, ó họrí. Òyìnbó tèmi ò kọjá ìwé kẹrin, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wí: ohunkóhun tó ń hù kò gbọdọ̀ wà lára wáyà yẹn, òun máa padà wá gé e.

Nílé, bí oníná bá dé, a kì í bá a jiyàn, àga la máa ń wá fún un. Mo wá àga. Mo gbé ẹ̀pà sísè jáde. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀pà sísè ni ìyá àgbà òun fi tọ́ òun dàgbà ní ìsàlẹ̀ Georgia lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ òun kò gbà kóun gba nǹkan lọ́wọ́ ará ìlú. Mo ní èyí kì í ṣe ẹ̀gúnjẹ, ẹ̀pà ni. Ó wo ojú mi, ó mú ẹyọ kan ṣoṣo, kó má baà dà bíi pé ó da ọwọ́ àgbà nù. Ó wá ní kí n má bẹ òun, kí n lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iná ní gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n ń jókòó lóṣooṣù, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè sọ ọ́.

Ó ní, "Baba, ẹ̀yin ará ìlú lẹ ni iná yìí."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé mo ni iná? Nílùú wa, iná ṣọ̀wọ́n débi pé ọjọ́ tó bá dé, àkùkọ á kọ lọ́sàn-án gangan. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ìyàwó nínú òkùnkùn. Ọdún kẹta ìgbéyàwó ni iná dé, ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ìyàwó òun ga ju òun lọ, ìyàwó náà sì bínú pé irú ọkùnrin wo ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́ yìí. Gbogbo ìgbà tí à ń bá a yí, n ò rí ojú ẹni tó ń mú iná lọ rí. A kàn máa ń gbójú sókè, à ń ṣépè. Èpè tí kò mọ ilé ẹni tó ń lọ, ọ̀nà ló máa ń kú sí.

Mo sọ fún ọmọ mi pé mo fẹ́ lọ sí ìpàdé náà. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé e, òun á ra iṣu mìíràn fún mi. Mo yíjú sí fèrèsé, mo ń wo iṣu mi. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa, òun á tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Mo yọ agbádá inú àpótí wọ̀. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ ní Loganville. Ìgbìmọ̀ jókòó sórí pèpéle, ìyá olórí funfun kan ni alága wọn. Ọmọ mi ń sọ wọ́n sí mi létí: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, ẹni tó ń ta òdòdó nìyí. Ọ̀gá iná fúnra rẹ̀ jókòó nísàlẹ̀, ó kọjú sí wọn, bí ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà ní kó wá kàwé sókè. Wọ́n bi í pé kí ló mú iná lọ ní àdúgbò kan lọ́jọ́ tí ìjì jà. Ó ṣàlàyé pé igi ló wó lu wáyà. Olódòdó ní àlàyé yẹn ò tó òun, òdòdó òun ló rọ nínú firíìjì lọ́jọ́ náà, ta ló yẹ kó ti gé igi náà kí ìjì tó dé? Ọ̀gá ń nu òógùn.

Mo fa ọmọ mi láṣọ, mo ní, "Ọ̀gá iná pátápátá nìyẹn?"

Ó ní òun ni.

"Olódòdó ló wá ń bá wí báyìí?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n rọra sọ̀rọ̀.

Títí di òní ni mo ṣì ń ro ohun tí mo rí yẹn. N kò sọ pé ọ̀gá náà jẹ̀bi, olódòdó náà sì lè jẹ́ aláròyé. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé wọ́n jókòó sínú yàrá kan náà. Ẹni tó mú iná lọ́wọ́ ní ojú, ẹni tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ náà ní ojú, ojú sì ń rí ojú. Mo rò ó pé ká ní a ní irú àga bẹ́ẹ̀ nílùú wa, bóyá èpè ì bá dínkù.

Ó kàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iná kékeré kan wà lórí tábìlì: tó bá tàn bí ewé, máa sọ ọ́ lọ, tó bá pọ́n rúsúrúsú, máa kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀, tó bá pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó tán. Ọmọ mi ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ nínú mọ́tò, mo sì gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò dìde níwájú àwọn àgbà tó jókòó nítorí ọ̀rọ̀ ìlú, tí yóò kàn la ẹnu sọ̀rọ̀ iṣu láìkí ẹnikẹ́ni? Mo kí alága kú ìjókòó. Mo kí gbogbo wọn kú iṣẹ́ ìlú, kú ooru, kú àfaradà. Mo kí olódòdó kú àdánù òdòdó. Mo kí ọ̀gá iná kú òógùn. Mo béèrè àwọn ará ilé wọn. Ọmọ mi ń túmọ̀ rẹ̀, ojú ń tì í, torí òyìnbó ò ní ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí: bàbá mi ní ẹ kú pé ẹ jókòó, bàbá mi ní ẹ kú pé ooru ń mú. Nígbà tí mo rí i pé olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ tó ga kún un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ dé ìdí iṣu nígbà tí iná pọ́n dẹ̀dẹ̀.

Mo ní n ò tíì bẹ̀rẹ̀. Alága ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló mú olórí ìlú pàápàá. Mo jókòó. Agbádá náà wúwo lọ́rùn mi bí ẹni ru ẹrù ẹlòmíràn. Mo ti rí ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Alága wá bi ọmọ mi pé ta ló forúkọ gba iná sílé wa. Ó ní òun ni. Ìyá náà ní a jẹ́ pé ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tirẹ̀. Ọmọ mi dúró síbẹ̀, ó di etí tábìlì mú. Òyìnbó ló sọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí:

"Bàbá mi ti di ẹrù sábẹ́ ibùsùn láti ìgbà òtútù. Wọ́n rò pé n ò mọ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, n kì í kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń wò. Tí mo bá rí wọn nídìí iṣu yẹn, mo mọ̀ pé wọn ò tíì lọ. N ò ní kí ẹ fi í sílẹ̀ lára wáyà yín. Kí wọ́n má ṣáà jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá a ní gígé."

Ó jókòó kí iná tó yí àwọ̀ padà. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀gá iná tọrọ àyè lọ́wọ́ alága. Ó rọra sọ ọ́, ọmọ mi sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Omi ló kún inú ìtàkùn, bó bá gùn dé òkè tó kan wáyà iná gan-an, iná lè gba inú rẹ̀ wá sísàlẹ̀, bá ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú. Mo wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ yẹn ló máa ń di ìtàkùn náà mú láràárọ̀. Ọ̀gá ní iṣu gbọ́dọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní gé e, òun máa rán òṣìṣẹ́ wá tú u ní Sátidé. Alága bi àwọn tó kù, wọ́n gbà.

A wọ mọ́tò, a ń lọ sílé. Mo ní, "O wá ń yọjú wo abẹ́ ibùsùn àgbàlagbà."

Ó ní, "Dádì, n ò yọjú. Etí àpótí yín ló ń yọ síta."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin gíga yẹn padà wá. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí n lọ dúró lọ́hùn-ún, ó sì tú ìtàkùn náà láti òkè wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń tú irun ọmọdé tó ń sùn. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló já. Ó ká a lé mi lápá. Òpó bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ-ọmọ mi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé, ó ní táyà nídìí. Èmi, ọmọ mi àti òṣìṣẹ́ iná la tì í dé ẹ̀gbẹ́ ebè, síbi tí òun fọwọ́ sí pé kò sí ewu. Iṣu náà kọ́kọ́ bínú, ewé rẹ̀ rọ, n kò sì jẹun dáadáa lásìkò yẹn. Nígbà tó yá, ó gba kámú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ òpó bọ́ọ̀lù. Ó gba inú àwọ̀n yọ sókè.

Ìpàdé náà, mo ṣì ń lọ. Mo máa ń tètè dé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé, kí ó má baà jẹ ìṣẹ́jú mi. Ìyá alága ti ń bi mí léèrè iṣu. Nígbà tí mo wa iṣu náà kí òtútù tó dé, mo sọ fún un pé ènìyàn mẹ́ta ló gbé e wọlé. Irọ́ kọ́. Èmi gbé e, ọmọ mi ṣílẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ tó wálé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn ń fi fóònù ya fọ́tò.

Ó wá ku àwọn kéékèèké tí mo fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Òtútù á pa wọ́n níta, kọ́bọ́ọ̀dù sì ti ní oníkọ́bọ́ọ̀dù. Mo fa àpótí jáde, mo kó aṣọ inú rẹ̀ sínú wọ́dúróòbù, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, mo to iṣu lé e lórí. Ọmọ mi ń gbá yàrá lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ìgbálẹ̀ dákẹ́. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń retí kó pè mí. Kò pè mí. Ó gbé ìdérí àpótí náà sókè, ó rí iṣu, ó pa á dé, ó fẹsẹ̀ rọra tì í padà sábẹ́ ibùsùn, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.